Kẹ́ ẹ tó ra táyà mìíràn, ẹ wo ihò tó wà lára tíúbù: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí kẹ̀kẹ́ n'Íbàdàn

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ (kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí o, kì í ṣe Márúwá), ìbéèrè kan náà lẹ máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, táyà wo ló lágbára jù, ẹ dárúkọ ẹ̀ ká lọ rà á." Èmi náà á kọ́kọ́ bi yín padà pé èyí tẹ́ ẹ ń lò tẹ́lẹ̀, kí ló pa á? Ọ̀pọ̀ nínú yín kì í rí i sọ, "ó kàn ń jò ṣáá ni" lẹ máa ń wí, fọkanáísà ti lẹ̀ ẹ́, ẹ ti sanwó, ẹ ti bá tiyín lọ. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe fún ọdún méjì gbáko kí ẹnì kan tó là mí lójú, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ eléyìí, torí owó tí mo ná nígbà yẹn, kò yẹ kẹ́yin náà tún lọ ná an.

Láti Òjòó ni mo ti ń lọ Dùgbẹ̀ lójoojúmọ́, mo máa gba iwájú UI, Sáńgò, Mọ́kọ́lá, kí n tó já sí Dùgbẹ̀, ọdún kẹsàn-án rèé. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ ohun tó wà lẹ́bàá títì níbẹ̀: àfọ́kù ìgò, ìṣó, irin wẹ́wẹ́ tó já bọ́ lára ọkọ̀, yanrìn tí àgbàrá wọ́ wá. Àwọn takisí Micra ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gun àárín títì, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa fún yín pọ̀ sí, ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an sì ni gbogbo pàǹtí ń kó jọ sí. Ìgbà òjò ló tún wá burú jù. Ẹni tó bá ti fi ọ̀bẹ gé rọ́bà rí á mọ̀ pé téèyàn bá da omi sójú ọ̀bẹ ni rọ́bà tó máa ń gé wẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ìgò ṣe ń rọrùn láti wọ inú táyà tí títì bá tutù.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti nọ́ńbà, torí ibẹ̀ ni owó mi ti kọ́kọ́ ṣòfò. Táyà àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ ara mi rà, mo kàn sọ fún ẹni tó ń tà á pé 26 ni mo fẹ́, ó sì gbé 26 fún mi lóòótọ́. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà kan ní Sáńgò, a ki etí ẹ̀ kan wọlé, a ki ìkejì, táyà ń ṣe jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ lórí ríìmù bíi bàtà bàbá lẹ́sẹ̀ ọmọ. Fọkanáísà ní tí atẹ́gùn bá kún inú ẹ̀ á fún, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í géèjì ẹ̀, àfi bí tíúbù ṣe yọ ikùn síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wú, ó wú, ó bú gbàù! Etí mi ń hó títí mo fi délé. Ohun tí wọ́n kọ sára táyà mi àtijọ́ ni 26 x 1.75, ti èyí tí mo lọ rà jẹ́ 26 x 1 3/8, lójú mi nígbà yẹn 26 ni 26. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ wá nọ́ńbà kékeré tí wọ́n máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, irú bíi 47-559. 47 yẹn ni bí táyà ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà, 559 ni ìwọ̀n àárín ríìmù níbi tí etí táyà ń jókòó sí. 26 x 1.75, 559 ni. 26 x 1 3/8, 590 ni, mìlímítà 31 ló fi jù ú lọ, ibo ló ti fẹ́ di ríìmù mú? Kódà 26 x 1 3/4 àti 26 x 1.75 tẹ́ ẹ máa rò pé ọ̀kan náà ni, torí tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ lórí ìwé ọ̀kan náà ló máa jẹ́, ríìmù wọn ò dọ́gba, 571 ni ti àkọ́kọ́. 28 táwọn bàbá wa ń gùn láyé ọjọ́sí, èyí tí wọ́n kọ 28 x 1 1/2 sí, 635 nìyẹn, tí 700C tó wà lára ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ sì jẹ́ 622. Ẹ fi fóònù ya nọ́ńbà yẹn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ gbé e síwájú ẹni tó ń tajà, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i lára èyí tó gbé fún yín kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ó yá, ẹni tó là mí lójú. Ọdún kẹta tí mo ti ń gùn ni mo kọ́kọ́ mú kẹ̀kẹ́ rin ọ̀nà jíjìn, Ọ̀yọ́ ni mo lọ, bíi kìlómítà 50 láti Ìbàdàn, mo gba Mọ́níyà, Akínyẹlé, Fìdítì. Lílọ nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni táyà ẹ̀yìn jò. Mo ní pọ́ǹpù, mo ní sólúṣọ̀n, mo máa lẹ̀ ẹ́, mo máa gùn ún díẹ̀, á tún rọ̀. Nígbà tí mo padà dé mo gbé e lọ bá bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lágbègbè Ọjẹ́, mo ní kí wọ́n bá mi yọ táyà yẹn dànù, pé kò dáa, mo fẹ́ ra òmíràn. Bàbá ò dá mi lóhùn. Wọ́n yọ tíúbù, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ inú ike omi, wọ́n rí ibi tó ti ń hó, wọ́n wo àwọn ibi tí mo ti lẹ̀, gbogbo ẹ̀ wà lágbègbè kan náà, kò ju ìka mẹ́rin síra lọ. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ihò lo lẹ̀, o ò wá ẹni tó lu ihò."

Wọ́n wá já òwú bíńtín, òwú funfun tá a fi ń nu ojú egbò, wọ́n fi ń pa inú táyà yíká jẹ́jẹ́. Ibì kan dé, òwú há. Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀, mo fi ìka pa á, ó gún mi, síbẹ̀ mi ò rí i. Bàbá tẹ táyà náà pọ̀ kí inú ẹ̀ lè là síta dáadáa, wọ́n fi ẹ̀mú kékeré fa nǹkan kan yọ, wáyà ni, tín-ín-rín bí irun orí, kò gùn ju èékánná lọ. Wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Táyà tírélà ló ti wá. Táyà ọkọ̀ ńlá, wáyà irin ni wọ́n hun sínú ẹ̀, tó bá ti bẹ́ lójú ọ̀nà, àwọn awẹ́ ẹ̀ á wà lẹ́bàá títì títí oòrùn àti òjò á fi jẹ rọ́bà ara ẹ̀, wáyà á wá fọ́n ká sílẹ̀. Ẹ lọ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ọ̀yọ́ tàbí ti Èkó, ẹ máa rí awẹ́ táyà dúdú bíi kí wọ́n sá wọn síbẹ̀ ni. Tí mo bá rí i báyìí, mo máa ń wo ẹ̀yìn, tọ́nà bá gbà mí mo máa yà fún un pátápátá.

Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ bàbá lọ́jọ́ yẹn ni mo fi ń ra táyà dòní. Tí ihò bá wà níta tíúbù, níbi tó kọjú sílẹ̀, nǹkan ló wọlé, ẹ wá a jáde, ìyẹn ló máa sọ fún yín pé táyà tó nípọn ju eléyìí lẹ nílò. Tó bá jẹ́ ihò méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ibi tí ejò bu èèyàn jẹ, kò sí nǹkan tó wọlé, atẹ́gùn ló kéré, ẹ já sí kòtò, ríìmù sì fi tíúbù gún ilẹ̀, táyà olówó gọbọi ò lè gbà yín níbẹ̀. Tí ihò bá wà nínú, níbi tó kọjú sí ríìmù, orí sipóòkù ló ń jẹ ẹ́, rọ́bà tí wọ́n fi bo ojú ihò ríìmù ti yẹ̀ tàbí ó ti gbó, nǹkan kékeré lẹ máa fi tún un ṣe. Tó bá jẹ́ nídìí fáàfù ló ti ya, tíúbù ti ń yí lórí ríìmù nìyẹn, àìtó atẹ́gùn ló sábà máa ń fà á. Kẹ́ ẹ lè mọ ọ̀gángán ibi tí nǹkan ti wọlé, ẹ to orúkọ tó wà lára táyà sí ibi tí ẹnu fáàfù wà nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọ̀ ọ́, tí ihò bá wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan sí fáàfù lára tíúbù, ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan sí orúkọ náà lẹ máa lọ wò lára táyà, nínú ìhà méjèèjì o. Mi ò kì í gbàgbé eléyìí láé.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Látìgbà tí John Boyd Dunlop ti ṣe táyà onítẹ́gùn ní Belfast láàárín ọdún 1887 sí 1888, atẹ́gùn ló ń gbé èèyàn, rọ́bà kàn ń di atẹ́gùn mú ni. Ọ̀pọ̀ fọkanáísà ni kò mọ̀ pé táyà kẹ̀kẹ́ ń gba ju ti mọ́tò lọ. Ọ̀kan bá mi jiyàn ní Mọ́kọ́lá, ó ní mọ́tò tó gbé èèyàn márùn-ún ń gba bíi 32 PSI (ìwọ̀n atẹ́gùn tí géèjì ń kà nìyẹn), báwo ni kẹ̀kẹ́ á ṣe gba 55, mo ní kó ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó kà á, ẹnu yà á. Òótọ́ ni pé àyè inú tíúbù kẹ̀kẹ́ kéré, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ wọn á kún un ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, torí náà ẹ ní kó máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kó sì máa fi géèjì wò ó. Ara mi tó kìlò 75 pẹ̀lú báàgì lórí kárià, mo máa ń fi 60 sí ẹ̀yìn, 50 sí iwájú fún 26 x 1.75, ẹ̀yin náà ẹ má kọjá èyí tó ga jù tí wọ́n kọ sára tiyín. Títẹ̀ táyà wò pẹ̀lú àtàǹpàkò ò tó, 35 àti 55 fẹ́ jọra lábẹ́ àtàǹpàkò. Ẹ ra géèjì kékeré, ẹ wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí kò sí tíúbù tí kì í jò díẹ̀díẹ̀ bó ti wù kó dáa tó.

Ní ti èyí tẹ́ ẹ máa rà gan-an. Fún inú ìgboro Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kó fẹ̀ díẹ̀, íǹṣì 1.75 tàbí mìlímítà 35 sókè tí fọ́ọ̀kì àti mọ́dígáàdì yín bá gbà á. Àwọn kan ń sọ pé táyà tín-ín-rín ló ń sáré, tí atẹ́gùn inú wọn bá dọ́gba èyí tó fẹ̀ gan-an ló ń yí wẹ́rẹ́ jù, kò sì ní jẹ́ kí gbogbo gálọ́ọ̀pù títì máa lu yín ní ìbàdí. Eyín gàǹgà-gàǹgà tẹ́ ẹ máa ń wò pé ó lágbára, ti ẹrọ̀fọ̀ nìyẹn, lórí ọ̀dà ṣe ló ń pariwo tó ń gba okun yín, ó sì máa ń gbó kíá. Èyí tí ojú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dán di títì mú dáadáa, kódà nígbà òjò, torí táyà kẹ̀kẹ́ kì í léfòó lórí omi bíi ti mọ́tò. Ohun tẹ́ ẹ máa wá ni awọ ìdáàbòbò tó wà láàárín ojú táyà àti tíúbù. Schwalbe ti Jámánì ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Marathon Plus, rọ́bà tó nípọn tó mìlímítà 5 ló wà nínú ẹ̀, àwọ̀ búlúù ni wọ́n máa ń ṣe é, ẹ̀gún àti ìgò máa tiraka títí kí wọ́n tó kọjá níbẹ̀. Ó wúwo, ẹyọ kan lè sún mọ́ kìlò kan, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára tẹ́ ẹ bá ń gun òkè Mápó, ó sì wọ́n, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Àwọn mìíràn ń lo okùn Kevlar dípò rọ́bà tó nípọn, èyí tí Stephanie Kwolek ṣàwárí ẹ̀ lọ́dún 1965 tí wọ́n tún fi ń ṣe ẹ̀wù tí ọta ìbọn kì í wọ̀, ìyẹn fúyẹ́ jù, ó dáa fún ìgò, àmọ́ wáyà tín-ín-rín tí mo sọ yẹn máa ń rí àárín okùn gbà kọjá nígbà mìíràn.

Tòkúnbọ̀ tó bá wọ táyà rere wá láti òkè òkun, ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Tó bá ti sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, ọjọ́ ti lọ lórí ẹ̀, orúkọ ara ẹ̀ ò lè gbé yín débì kankan. Mo ti sanwó fún orúkọ lẹ́ẹ̀kan báyìí, oṣù méjì péré ni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ fi ya.

Ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò, ẹrù tó wà lórí kárià, táyà ẹ̀yìn ló ń gbé e, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ gbó. Tí ẹ̀yìn bá gbó, ẹ má fi tuntun síbẹ̀, ẹ gbé ti iwájú lọ sẹ́yìn, kẹ́ ẹ wá fi tuntun síwájú, torí tí ẹ̀yìn bá bẹ́ ẹ ṣì lè darí kẹ̀kẹ́ dúró, àmọ́ tí iwájú bá bẹ́ lórí ìsọ̀kalẹ̀, ilẹ̀ lẹ máa bára yín. Ẹ mú tíúbù méjì dání, ẹ sì gé awẹ́ kan láti ẹ̀gbẹ́ táyà àtijọ́, bí ìwọ̀n káàdì ATM, ẹ fi sínú báàgì. Òkúta kan gé ẹ̀gbẹ́ táyà mi lẹ́bàá Fìdítì débi pé tíúbù ń yọjú, awẹ́ táyà yẹn ni mo tẹ́ sábẹ́ ẹ̀ láàárín òun àti tíúbù, mo fi atẹ́gùn sí i díẹ̀, mo rọra gùn ún délé lálẹ́ ọjọ́ náà láìbọ́ sílẹ̀ mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun yan táyà nínú yín, mo wà nílé ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, kó gbé kẹ̀kẹ́ ẹ̀ wá, kó sì mú tíúbù tó jò yẹn dání. Kó má tíì lẹ̀ ẹ́.