Ẹ bá mi yọ̀, òdẹ̀ Mọ́kọ́lá ti délé

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti délé o. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pè mí látọjọ́ Túsìdeè, ọwọ́ ọlọ́pàá ni fóònù mi wà, ẹ má bínú.

Ṣẹ́ ẹ rántí 720,000 náírà tó ṣàdédé já wọ àkáǹtì POS mi lóṣù tó kọjá, tẹ́nì kan wá pè mí pé kí n gbà á jáde fóun, kí n yọ 100,000 níbẹ̀ fún wàhálà mi? Ẹ rántí náà, torí ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Mo jẹ owó ṣọ́ọ̀bù oṣù mẹ́rin nígbà yẹn, síbẹ̀ mo gba báńkì lọ, mo kọ lẹ́tà pé kí wọ́n dá gbogbo ẹ̀ padà síbi tó ti wá, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi. Ẹnì kan ní òdẹ̀ ni mí. Òmíì ní ṣọ́ọ̀ṣì ti gba ọpọlọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi díákónẹ́ẹ̀sì, tá a jọ gbààwẹ̀ lórí owó ṣọ́ọ̀bù yẹn o, àwọn gan-an ló wá jókòó tì mí, "Ọlọ́run gbé e fún ẹ, o tún gbé e padà fún un, ṣé orí ẹ pé báyìí?" Mi ò fèsì. Ìyá màmá mi, ọmọ Kúdẹtì, máa ń sọ fún wa pé nígbà tí Hinderer, òyìnbó míṣọ́nárì yẹn, àtìyàwó ẹ̀ wá tẹ̀dó s'Íbàdàn ní 1853, àwọn tó kọ́kọ́ gbàgbọ́, ará ilé wọn ló ń nà wọ́n, wọ́n ní nǹkan ti yí lórí wọn. Yẹ̀yẹ́ lásán ni tèmi.

Àfi Túsìdeè tí ọlọ́pàá dé. Ṣe ni wọ́n jí owó yẹn, gbogbo ẹni tó bá ti gba àkáǹtì ẹ̀ kọjá ni wọ́n ń kó. Mo ṣàlàyé títí, ta ló ń gbọ́. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni kọ́ńtà yẹn. Obìnrin ọlọ́pàá kan ní kí n bọ́ yẹtí, kí n tú gèlè, kí n bọ́ òrùka ìgbéyàwó mi, ó tò wọ́n síwájú ẹ̀, ó ń kọ wọ́n sínú ìwé bí ẹni ń ka ẹrù òkú. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Lóru ọjọ́ yẹn mo bá Ọlọ́run jà, mi ò ní parọ́, mo ní ṣé bẹ́ ẹ ṣe ń sanwó fún òdẹ̀ yín nìyí?

Àlàájà eléèlùbọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló tẹ̀ lé mi dé tésàn. Kí wọ́n tó lé wọn jáde ni mo pariwo pé "Lẹ́tà! Inú Bíbélì mi, Kọ́ríńtì!" Mo ti fi sẹ́lótéèpù lẹ lẹ́tà náà mọ́ Kọ́ríńtì Kìíní orí kẹta, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní wèrè ni ọgbọ́n ayé yìí lọ́dọ̀ Ọlọ́run, inú ló ń bí mi lọ́jọ́ náà. Àlàájà ò mọbi tí Kọ́ríńtì wà! Látorí Jẹ́nẹ́sísì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì fóònù lọ́wọ́, ojú ìwé kan tẹ̀ lé òmíì. Aago méje àárọ̀ wọ́n ti dé kọ́ńtà, Bíbélì lódindi lábẹ́ apá kí lẹ́tà má bàa ya, kúlà àmàlà lọ́wọ́ kejì, èlùbọ́ ṣì wà lára híjáàbù wọn. Wọ́n ní, "Ìwé yín yìí mà gùn o."

Wọ́n pe báńkì, ọ̀rọ̀ bára mu, mo jáde lọ́jọ́ kẹta. Béèlì ọ̀fẹ́ ni, gàdàgbà ni wọ́n kọ ọ́ sára ògiri, ẹ má bi mí níye tá a san. Bọ̀bọ́ POS ìsàlẹ̀ àdúgbò wa tó gba 100,000 tiẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹ bá mi rántí ẹ̀ nínú àdúrà, ọmọ èèyàn ni.

Ẹ̀yin oní-POS, tówó àjèjì bá wọlé, ẹ má fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tẹ́ni tó pè bá kà fún yín o, báńkì ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gba òǹtẹ̀. Díákónẹ́ẹ̀sì mi náà pè láàárọ̀ yìí, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé màá ṣẹ́gun. Ẹ ṣé mà.

Kúlà Àlàájà ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti fọ̀ ọ́, àmọ́ ta ló ń dá kúlà padà lófìfo? Ìrẹsì ìdúpẹ́ Sọ́ńdè ni mo máa rọ sínú ẹ̀.