Ìdá Kí Ni? Ẹ̀kọ́ tí Mo Kọ́ Nípa Ìṣirò Ìdá tí Wọ́n Fi Ọ̀rọ̀ Gbé Kalẹ̀

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ Pírámárì Karùn-ún àti Ìkẹfà ní lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé ọmọ tó lè ro 1/3 pọ̀ mọ́ 2/5 lójú pátákó láìkọsẹ̀ máa ń dúró sójú kan bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ gbé ìṣirò kan náà ka iwájú rẹ̀. Àìmọ̀ṣirò kọ́ ni. Kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pín tó ti ń wá nọ́ńbà tí yóò rò pọ̀. Nítorí náà, kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohunkóhun lọ́dọ̀ mi, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan: ìdá kí ni?

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ìyá kan gbé àpò gàrí Ìjẹ̀bú kan lọ sọ́jà. Ó ta ìdá kan nínú mẹ́ta àpò náà láàárọ̀, ó sì ta ìdá méjì nínú márùn-ún àpò náà nírọ̀lẹ́. Ìdá mélòó nínú àpò náà ló kù? Ẹ wá fi gbólóhùn mìíràn rọ́pò ti ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sọ pé ó ta ìdá méjì nínú márùn-ún èyí tó ṣẹ́ kù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò ṣe ìṣirò méjèèjì bákan náà, nítorí pé nọ́ńbà kan náà ni wọ́n rí.

Mo máa ń ní kí wọ́n gbà pé kóńgò 15 ló wà nínú àpò náà, torí 15 ni nọ́ńbà tó kéré jù lọ tí a lè fi 3 pín, tí a sì tún lè fi 5 pín, tí nǹkan kan ò ní ṣẹ́ kù. (Àwọn ọmọ tí ìyá wọn ń ta gàrí kì í gbà fún mi bọ̀rọ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé àpò gidi ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.) Nínú ìṣirò àkọ́kọ́, ìyá náà ta kóńgò 5 láàárọ̀, ó ta 6 nírọ̀lẹ́, ó ku 4, èyí tí í ṣe 4/15 àpò. Nínú ìkejì, ó ta 5, ó ku 10. Ìdá méjì nínú márùn-ún 10 jẹ́ 4, nítorí náà ó ku 6, ìyẹn 6/15, tí a lè kọ ní 2/5.

Àpẹẹrẹ gàrí yìí náà ni mo fi ń wo àrùn tó wọ́pọ̀ jù, ìyẹn kí ọmọ ro nọ́ńbà òkè pọ̀ mọ́ ti òkè, kó ro ti ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, kó wá kọ 3/8 gẹ́gẹ́ bí àpapọ̀ 1/3 àti 2/5. N kì í sọ fún un pé kò gbà á. Mo máa ń ní kó fi 3/8 wé 2/5. Bí a bá fi 40 ṣe nọ́ńbà ìsàlẹ̀ àwọn méjèèjì, 3/8 di 15/40, 2/5 sì di 16/40. Ṣé ohun tí ìyá náà tà lápapọ̀ lọ́jọ́ náà wá lè kéré sí ohun tó tà nírọ̀lẹ́ nìkan?

Ibi tí èmi àti àwọn tíṣà kan kì í ti í fẹnu kò ni pé wọ́n ń kọ́ ọmọ láti há ọ̀rọ̀ sórí: bó bá rí “lápapọ̀”, kó rò ó pọ̀, bó bá rí “ṣẹ́ kù”, kó yọ ọ́ kúrò. Bí aṣọ ẹgbẹ́ tí wọn yóò wọ̀ sí Ojúde Ọba bá ti ń wọ̀lú, mo máa ń bi àwọn ọmọ báyìí: ìró gba yáàdì méjì àbọ̀, ó sì fi 3/4 yáàdì ju bùbá lọ, yáàdì mélòó ni bùbá gbà? Ẹni tó há “ju lọ” sórí yóò rò ó pọ̀, yóò sì kọ 3 1/4. Ọmọ télọ̀ kan ló kọ́kọ́ pariwo pé, “Àǹtí, bùbá wo ló ń gba aṣọ ju ìró lọ?” Ó tọ̀nà. Ìró ló tóbi jù, nítorí náà a ó yọ 3/4 kúrò nínú 2 1/2, èsì rẹ̀ sì jẹ́ 1 3/4.

Ìró àti bùbá náà lápapọ̀ gba yáàdì 4 1/4. Bí a bá gé e kúrò lára yáàdì 6, àwọn kan á kọ pé 2 1/4 ló kù, nítorí wọ́n yọ 4 kúrò nínú 6, wọ́n sì sọ 1/4 kalẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ ní kí wọ́n dá a padà: 4 1/4 àti 2 1/4 jẹ́ 6 1/2. Níbo ni àbọ̀ yáàdì ti wá? Ohun tó yẹ ni kí a mú yáàdì kan lára 6, kí a pín in sí mẹ́rin, kí 6 di 5 4/4. Bí a bá yọ 4 1/4 kúrò, ó ku 1 3/4.

Èyí tó le jù ni èyí tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ti yàtọ̀, tí ìdá tí a ó yọ sì tún tóbi ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ, bí àpẹẹrẹ kí a gé yáàdì 2 2/3 lára 5 1/4. A ó kọ́kọ́ sọ wọ́n di 2 8/12 àti 5 3/12. Èyí 3/12 kò tó yọ 8/12 nínú rẹ̀, nítorí náà a ó tú odidi yáàdì kan sí ìdá méjìlá, kí 5 3/12 di 4 15/12. Ohun tó kù jẹ́ 2 7/12. Mo máa ń ní kí ọmọ kọ́kọ́ sọ ibi tí èsì yóò bọ́ sí: bí a bá gé odidi 3 lára 5 1/4, yóò ku 2 1/4, ṣùgbọ́n ohun tí a gé kò tó 3, nítorí náà èsì gbọ́dọ̀ ju 2 1/4 lọ díẹ̀. Ọmọ tó ti sọ èyí tán, tó wá rí 3 7/12 nínú ìwé rẹ̀, yóò padà lọ wo odidi tó tú láìjẹ́ pé mo sọ ohunkóhun.