Àwọn ìnagijẹ tó wà lára àwo Fania

Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ àwo orin Fania, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin salsa jáde. Ohun tó gbà mí lọ́kàn lónìí, àwọn orúkọ ara páálí wọn ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe èyí tí òbí sọ ọmọ.

New York ni Johnny Pacheco, ọmọ Dominican tó ń fọn fèrè, àti Jerry Masucci, agbẹjọ́rò tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ti dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1964. Owó ò tó nǹkan lọ́wọ́ wọn. Inú búùtù mọ́tò ni wọ́n ń kó àwo sí, tí wọ́n ń gbé e kiri ṣọ́ọ̀bù ní Spanish Harlem àti Bronx, nínú New York níbẹ̀. Lójú tèmi, ìnagijẹ wà lára ohun tó bá wọn polówó ọjà: orúkọ tí ará òde ijó bá lè ké jáde, kò ná wọn ní kọ́bọ̀.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé orúkọ ilé lásán ni. Cheo Feliciano, akọrin, José Luis lorúkọ àbísọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pe José ní Pepe náà ni wọ́n ń pè é ní Cheo. Willie Colón, tó ń fọn trombone, ní tirẹ̀ di El Malo, Èèyàn Burúkú lédè Spanish, láti ara àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1967, nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Ilé-iṣẹ́ di orúkọ yẹn mú: ní 1970, wọ́n ya páálí àwo rẹ̀ bí ìwé tí FBI fi ń wá ọ̀daràn.

Ti Héctor Lavoe, akọrin, ló ń dùn mí. Héctor Juan Pérez Martínez ló ń jẹ́ nígbà tó kúrò ní Ponce, Puerto Rico, wá sí New York ní 1963. Inú "la voz", ohùn, ni Lavoe ti wá. Felipe Rodríguez, olórin boléro, ìyẹn orin ìfẹ́, sì ti ń jẹ́ La Voz ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó di 1978, Lavoe kọ orin "El Cantante", Akọrin, tí Rubén Blades ṣe, orin nípa akọrin tí gbogbo ayé ń sanwó wá wò, tí wọn kì í béèrè bóyá ó ń jìyà tàbí ó ń sunkún. Orin yẹn náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìyà ò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kú ní 1993. Orúkọ tó wúwo báyìí, mi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi ayọ̀ ké e.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Larry Harlow, tó ń tẹ dùùrù. Júù ni, ọmọ Brooklyn, Lawrence Ira Kahn lorúkọ àbísọ rẹ̀. Ó lọ kọ́ orin ní Kúbà láyé ọdún 1950, ó sì gba ẹ̀sìn òrìṣà àwọn Lukumí, àwọn ọmọ Yorùbá ọ̀hún, nígbà tó yá. El Judío Maravilloso, Júù Àgbàyanu, ni wọ́n ń pè é. Ara ìnagijẹ Arsenio Rodríguez ni wọ́n ti mú un, ọmọ Kúbà tó ń ta tres, irú gìtá kan tí wọ́n ń lò ní Kúbà, tí ojú rẹ̀ ti fọ́ láti kékeré: El Ciego Maravilloso, Afọ́jú Àgbàyanu. Bí a bá pe èèyàn ní afọ́jú lásán, èébú ni, ṣùgbọ́n "àgbàyanu" tí wọ́n fi kún un sọ ọ́ di oyè. Arsenio kú ní ìparí 1970. Ní 1971, Harlow gbé odidi àwo kan jáde lórí Fania láti fi bọlá fún un.