Ohun tí ẹ́ńjìnnì 9,000 ìyípo kọ́ mi: sí ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìdí iṣẹ́ yìí

Mo ti ń wo àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń wọlé sí ìdí iṣẹ́ wa, iṣẹ́ àyẹ̀wò àti àtúnṣe ọkọ̀ eré, láìpẹ́ yìí, mo sì rí i pé ibi kan náà tí àwọn tó ṣáájú wọn ti kọsẹ̀ ni àwọn náà ń kọsẹ̀ sí. Bí a bá gbé Porsche 911 GT3 kan, ọkọ̀ eré tí wọ́n ṣe fún pápá ìdíje, wọlé, iye agbára ẹṣin rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bèèrè. Bí wọ́n bá sì ti gbọ́ pé kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà kọjá 9,000 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan, ọkàn wọn a balẹ̀, wọn a gbà pé kò sí awakọ̀ tó lè ṣe é léṣe. Èrò yìí ló mú mi jókòó kọ̀wé. Ẹ̀kọ́ mélòó kan ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ fún yín, n kò sì ní ṣàlàyé ohun tí písítìn tàbí fáàfù jẹ́, nítorí ẹni tí kò bá tíì mọ ìyẹn kò tíì yẹ ní ẹni tó ń fọwọ́ kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé kí ẹ mọ ibi tí agbára ọkọ̀ wà kí ẹ tó máa ka iye rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì GT3 tó jáde ní 2021 jẹ́ lítà mẹ́rin, sìlíńdà mẹ́fà rẹ̀ dùbúlẹ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kò sí tọ́bò kankan tó ń ti afẹ́fẹ́ sí i nínú, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan sì ní tọ́tù tirẹ̀, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, èyí tó mú kí ó máa dáhùn ní kété tí awakọ̀ bá ti tẹ iná. Ṣùgbọ́n ìfàga rẹ̀, ìyẹn agbára tó fi ń yí ọ̀pá rẹ̀, tó jẹ́ 470 Nm, kì í pé àfi bí ó bá dé 6,100 ìyípo, agbára ẹṣin 510 rẹ̀ kì í sì í jáde tán àfi bí ó bá dé 8,400. Ọkọ̀ tó ní tọ́bò a máa fún awakọ̀ ní agbára láti ìsàlẹ̀. Ní ti èyí, awakọ̀ ni yóò gòkè lọ bá agbára. Ẹni tó bá fẹ́ sáré gidi ní pápá gbọ́dọ̀ máa gbé láàárín 6,000 sí 9,000, kò sì sí ọ̀nà tó lè gbà ṣe bẹ́ẹ̀ ju kí ó máa pààrọ̀ gíá léraléra, lókè pátápátá níbi tí àyè àṣìṣe ti kéré jù lọ.

Ẹ̀kọ́ kejì, tí n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, ni ti ìwúwo. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí wà, nítorí náà iwájú rẹ̀ fúyẹ́. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ a máa di bíréèkì mú díẹ̀ títí wọ inú kọ́nà kí ìwúwo lè bọ́ sórí ẹsẹ̀ iwájú, ẹni tó bá sì ṣàdédé gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná láàárín kọ́nà yóò rí i bí ìdí ọkọ̀ ṣe ń wá ọ̀nà láti ṣáájú iwájú. Ohun tó mú kí ti 2021 yàtọ̀ ni pé wọ́n gbé ètò apá oníméjì tó ń di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú, èyí tó wà lára ọkọ̀ ìdíje 911 RSR, wá sí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, wọ́n sì fi ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́ láti òkè, kí afẹ́fẹ́ lè kọjá lábẹ́ rẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Pẹ̀lú ìyẹn ni Lars Kern, awakọ̀ ìdánwò Porsche, fi yí pápá Nürburgring nílẹ̀ Jámánì, tó gùn ní kìlómítà 20.8, ká ní ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú àáyá 59.927. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé agbára tó ń ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú kọ́nà ń ti awakọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń ti ọwọ́ tó fi di ọ̀pá gíá mú.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni mo tìtorí rẹ̀ kọ ìwé yìí. Ìbú sìlíńdà ẹ́ńjìnnì lítà mẹ́rin yìí jẹ́ mìlímítà 102, písítìn rẹ̀ sì ń rin mìlímítà 81.5 lọ, ó ń rin iye kan náà bọ̀. Ní 9,000 ìyípo, ìgbà 150 ni ó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, eré rẹ̀, bí a bá dá a sí déédéé, sì ju mítà 24 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá dé òkè, ó gbọ́dọ̀ dúró pátápátá kí ó tó padà, bóòtù méjì tí kò nípọn ju ìka lọ tó wà nídìí kọ́nírọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kiránkì tó ń yí, ni ó sì ń fà á padà. Agbára tó ń fa bóòtù yẹn kì í pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ìyípo: bí ìyípo bá di ìlọ́po méjì, agbára náà a di ìlọ́po mẹ́rin. Láti 9,000 sí 10,500, ìyípo kò fi bẹ́ẹ̀ lé sí i, ṣùgbọ́n nǹkan bíi ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò kún ohun tí bóòtù ń gbé, sípíríǹgì fáàfù kò sì ní lè ti fáàfù pa kí písítìn tó dé bá a lókè.

Ẹ ó bi mí pé, ṣé kọ̀ǹpútà kò ní dá a dúró ni? Kọ̀ǹpútà lè gé epo, ó sì lè pa iná púlọ́ọ̀gì, ṣùgbọ́n kò ní agbára lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí awakọ̀ bá fẹ́ lọ láti gíá kẹrin sí karùn-ún, tí ọwọ́ rẹ̀ yà sí ẹ̀kẹta nítorí pé kọ́nà ń tì í, tí ó sì jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀ ló ń yí táyà, táyà ń yí gíá, gíá ń yí kiránkì, ẹ́ńjìnnì a sì di ohun tí ọkọ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Gíá PDK tó ń pààrọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní gbà kí irú èyí ṣẹlẹ̀, kò ní wọ gíá náà. Ti ọwọ́ ni kò lẹ́nu tó lè fi kọ̀.

Ní ilé iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí n kò ní dárúkọ, oníbàárà kan gbé GT3 ọdún 2018 kan wá, onígíá ọwọ́ mẹ́fà, ó ní kí a bá òun yẹ̀ ẹ́ wò kí òun tó rà á. Èmi ni wọ́n fún ní iṣẹ́ náà. Ara ọkọ̀ náà dán, bíréèkì rẹ̀ nípọn, ọ́ìlì rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ kò sì ní àbùkù kankan. Mo so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, mo tẹ ìwé àkọsílẹ̀ àṣejù ìyípo jáde. Ipele mẹ́fà ni ìwé yìí máa ń ní, ipele kọ̀ọ̀kan sì ń sọ iye ìgbà tí púlọ́ọ̀gì ta iná nígbà tí ìyípo wà níbẹ̀, àti wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́ dé nígbà tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn. Ipele kìíní àti ìkejì kún, èyí tí kò yà mí lẹ́nu, nítorí ẹni tó bá ń lo ọkọ̀ yìí bó ti yẹ yóò máa kan òkè. Ipele karùn-ún ni mo tẹjú mọ́: 187, ní wákàtí 96, nígbà tí gbogbo wákàtí ẹ́ńjìnnì náà jẹ́ 104.

Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé 187 pọ̀. Ẹ́ńjìnnì sìlíńdà mẹ́fà a máa ta iná lẹ́ẹ̀mẹta ní ìyípo kan, nítorí náà ní 10,000 ìyípo, ìgbà 500 ni ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iye tí mo rí kò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Àṣìṣe ọwọ́ kan ṣoṣo ni, ó sì dá mi lójú pé ẹni tó ṣe é mọ̀ ọ́n lára ní kíá, nítorí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ a máa fẹ́ dì lójijì. Ká ní ó ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́, tí ẹ́ńjìnnì sì ti ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí lẹ́yìn rẹ̀, ǹ bá sọ̀rọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́jọ kò tó fi ẹ̀rí hàn. Mo kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ mi pé kí oníbàárà má ṣe san owó títí a ó fi ti kámẹ́rà bọ ojú ihò púlọ́ọ̀gì, tí a ó dán jíjò afẹ́fẹ́ sìlíńdà wò, tí a ó sì ṣí orí ẹ́ńjìnnì wo sípíríǹgì àti àyè fáàfù.

Ọ̀gá wa ka ìjábọ̀ náà, ó yọ ìpínrọ̀ yẹn kúrò, ó fi gbólóhùn kan rọ́pò rẹ̀ pé ọkọ̀ náà wà ní ipò tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Oníbàárà wa àtijọ́ tó máa ń náwó dáadáa ni ẹni tó ń ta ọkọ̀ náà. Orúkọ mi ni ó ṣì wà nísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe àyẹ̀wò, ìjábọ̀ náà sì ti lọ kí n tó rí ẹ̀dà rẹ̀. Nígbà tí mo lọ bá a, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún pápá kò lè kú nítorí pé wọ́n lò ó ní pápá.

Oníbàárà náà rà á. Kò pẹ́ rárá tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi fọ́ ní Silverstone, pápá ìdíje kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí ọ̀nà tààrà tó lọ sí kọ́nà Stowe, ní gíá karùn-ún, láìsí àṣìṣe kankan láti ọwọ́ ẹni tó ń wà á. Mo dúpẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe é. Nígbà tí a tú ẹ́ńjìnnì náà, orí fáàfù kan ti já sínú sìlíńdà kẹrin, ó ti fọ́ písítìn ibẹ̀ túútúú, kọ́nírọ́ọ̀dù sì ti lu ara ẹ́ńjìnnì jáde. Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Lórí písítìn méjì tí kò fọ́, létí ibi tí wọ́n gbẹ́ fún fáàfù, àpá tín-ín-rín kan wà tó tẹ̀ bí oṣù tuntun, kábọ́ọ̀nù dúdú sì ti bo àpá náà, ó ti gbẹ mọ́ ọn. Àpá tuntun a máa dán. Fáàfù ti fẹnu kan písítìn wọ̀nyẹn tipẹ́, kí ẹni tó rà á tó mọ ọkọ̀ náà rí, ká sì ní a ti kámẹ́rà bọ̀ ọ́ ní ọjọ́ àyẹ̀wò, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ì bá gbà wá láti rí i. Àwọn àgbà ní àṣegbé kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Nínú ẹ́ńjìnnì, orí písítìn ni wọ́n ń pa á mọ́ sí.

Ìwé lọ́yà dé, orúkọ mi ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá wa sọ níwájú gbogbo ènìyàn pé èmi ni mo yẹ ọkọ̀ náà wò, òótọ́ sì ni. Ẹ̀dà ìjábọ̀ mi àkọ́kọ́, pẹ̀lú déètì, tí mo ti fi ránṣẹ́ sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́ sí mi lọ́rùn. Wọ́n sanwó fún oníbàárà, wọ́n sì sọ fún mi pé iṣẹ́ ti dínkù, kí n máa lọ. Ọ̀gá náà ṣì wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé inú ṣì ń bí mi. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà kò hùwà báyẹn. Ní 2014, lẹ́yìn tí GT3 méjì jóná nílẹ̀ Yúróòpù, tí wọ́n sì rí i pé bóòtù kọ́nírọ́ọ̀dù tó ń tú ló fà á, Porsche sọ fún gbogbo ẹni tó ní ọ̀kan nínú ọkọ̀ 785 irú rẹ̀ pé kí wọ́n dá a dúró, wọ́n sì pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì gbogbo wọn. Bóòtù ni ọ̀rọ̀ wọn, bóòtù àti fáàfù náà ni tiwa, ṣùgbọ́n wọ́n sọ tiwọn síta. Nítorí náà, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má ṣe bu ọwọ́ lu ìjábọ̀ tí ẹlòmíràn lè ṣí kọ nǹkan sí lẹ́yìn yín. Ẹ kọ nọ́ńbà síbẹ̀, ẹ má kọ "ó dára" tàbí "kò dára". Ẹ so ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ rà á àti ọ̀gá yín ní àkókò kan náà. Bí ọ̀gá bá ní kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ti mọ irú ibi tí ẹ wà nìyẹn.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ojú yín ló ṣe ní pápá, tí awakọ̀ wọ gíá tí kò yẹ, ẹ sọ fún un kí ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ó jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó pa iná, kí ó má sì tan án mọ́, bí ó ti wù kí ohùn rẹ̀ ti dára tó. Ẹ fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e wálé. Ẹ kọ́kọ́ ka àkọsílẹ̀ ìyípo rẹ̀, kí ẹ tú fílítà ọ́ìlì, kí ẹ gé e, kí ẹ sì na bébà inú rẹ̀ síbi tí oòrùn wà, nítorí ibẹ̀ ni ẹyọ irin tó já lára bérìn ti máa ń dán. Lẹ́yìn náà ni kámẹ́rà, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdánwò afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá rí àpá fáàfù lórí písítìn kan ṣoṣo, orí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ṣí, ẹni yòówù kó ni ọkọ̀ náà.