Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún mi ní Amẹ́ríkà, kò kan fíìsì o

Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ yìí bá gùn, ó ṣì ń dùn mí ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wá ádímíṣọ̀n PhD àti másítàsì kiri ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sáré tíránsíkíríìtì títí bàtà yín fi jẹ, tẹ́ ẹ ti bẹ lẹ́kọ́rà bíi pé gbèsè lẹ jẹ wọ́n kí wọ́n tó kọ lẹ́tà fún yín, tí ímeèlì wá wọlé lóru ọjọ́ kan pé wọ́n ti mú yín. Mo mọ bó ṣe ń rí lára. Ẹ pariwo, ẹ jó, ẹ jí gbogbo ilé, àmọ́ ẹ má tíì fèsì pé ẹ gbà títí tẹ́ ẹ máa fi ka èyí tán.

Mi ò ní dárúkọ ilé ìwé mi torí mo ṣì wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ gboyè jáde ní àlàáfíà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ó wà nínú àwọn yunifásítì ìgboro tó tóbi tó tún ń tóbi sí i, irú bíi University of Houston, tàbí Georgia State tó wà láàárín ìgboro Atlanta gan-an, tàbí UCF ní Orlando tí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ti ń lọ sí bíi 70,000 (tèmi ò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o, kẹ́nikẹ́ni má lọ bú wọn nítorí mi). Irú ilé ìwé báyìí dáa fún wa, mi ò ní parọ́. Ọdún 1963 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá UCF sílẹ̀, ẹ wá wo ibi tó dé. Wọ́n ń kọ́ láàbù tuntun, wọ́n ń gba pọ̀rófẹ́sọ̀ tuntun, àwọn pọ̀rófẹ́sọ̀ tuntun yẹn sì ń wá ọmọ tó máa bá wọn ṣiṣẹ́ lójú méjèèjì.

Ìdí tún wà. Àwọn kan wà tó ń to yunifásítì Amẹ́ríkà sí ipò, Carnegie ni wọ́n ń pè é. Nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ wọn ti 2025, ilé ìwé tó bá fẹ́ jẹ́ R1, ìyẹn ipò tó ga jù lọ nídìí ìwádìí, gbọ́dọ̀ máa ná ó kéré tán 50 mílíọ̀nù dọ́là lórí ìwádìí lọ́dún, kó sì máa fún ó kéré tán èèyàn 70 ní oyè dókítà ti ìwádìí, bíi PhD, lọ́dún. Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ilé ìwé tó bá ń lé R1, tàbí tó ti dé ibẹ̀ tí ò fẹ́ já bọ́, ó nílò yín kí iye èèyàn yẹn lè pé. Ara ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún ọmọ PhD lówó, tí wọ́n á sì sọ fún ọmọ másítàsì pé kó lọ wá owó tiẹ̀ wá. Ní sáyẹ́ǹsì àti ẹnjiníà, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló máa gbà yín sí PhD tààrà látorí dìgírì àkọ́kọ́, láìjẹ́ pé ẹ ṣe másítàsì rárá. Nílé, àwọn èèyàn ò mọ̀, wọ́n á ta ilẹ̀ bàbá wọn torí másítàsì.

Èmi náà gba PhD tààrà, kẹ́mísírì. Wọ́n ní mo máa máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní láàbù, 20 wákàtí lọ́sẹ̀, wọ́n á máa san owó oṣù fún mi, wọn ò sì ní gba tuition, ìyẹn owó ìkẹ́kọ̀ọ́ gan-an, lọ́wọ́ mi. Ímeèlì tó gbé lẹ́tà yẹn wá sọ ọ́ kedere: fully funded, ìyẹn ni pé àwọn máa gbé gbogbo ìnáwó. Wọ́n wá ní kí n fèsì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Oṣù kejì ọdún nìyẹn o! Mo dẹ̀ fèsì, ta ni ò ní fèsì?

Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mi ò ka lẹ́tà náà dáadáa, mo kà á, mo tún kà á fún Màámi lórí fóònù, mo tú u sí Yorùbá fún wọn ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn máa mójú tó tuition, wọn ò kọ ohunkóhun síbẹ̀ nípa fíìsì, ìyẹn àwọn owó mìíì tí ilé ìwé ń gbà yàtọ̀ sí tuition. Ẹni tó kàwé ní Nàìjíríà, owó kan ṣoṣo tó mọ̀ ni sukúùfíìsì. Ẹ tún máa ní I-20 ńkọ́, ìwé tí ilé ìwé ń fún èèyàn kó fi gba físà, ṣebí gbogbo ìnáwó ló wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Iye tí mo máa ná lọ́dún àti iye tí wọ́n máa fún mi lọ́dún, méjèèjì ṣe déédéé lórí ìwé. Ohun tí ìwé yẹn ò sọ ni pé oṣù kẹjọ ni owó máa jáde lápò mi, oṣù kẹwàá ni tiwọn tó máa kọ́kọ́ wọlé.

Màámi jẹ́ tíṣà. Wọ́n yá owó ní kọ́pọ̀, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn tíṣà, kí n tó rí owó físà, owó SEVIS tó jẹ́ 350 dọ́là (èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè), àti owó ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ àwọn gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ Amẹ́ríkà, pásítọ̀ pàápàá ti fi ọ̀rọ̀ mi wàásù. Mo dé, mo san rẹ́ǹtì oṣù kan àti owó ìdúró ilé. Láńdílọ́ọ̀dù ní mi ò ní àkọsílẹ̀ gbèsè kankan ní Amẹ́ríkà, torí náà owó ìdúró tèmi máa ju tàwọn yòókù lọ (àṣé kéèyàn má jẹ gbèsè rí, ẹ̀ṣẹ̀ ni lọ́dọ̀ tiwọn). Ó wá ku bíi 400 dọ́là lọ́wọ́ mi. Mo ní kò burú, owó oṣù ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀, mo ń bọ̀ láti láàbù, mo ṣí pọ́tàlì ilé ìwé lórí fóònù kí n wo tàímù tébù mi. Mo rí nọ́ńbà kan lápá ọ̀tún tó pọ́n rẹ́rẹ́: 2,317 dọ́là. Mo rò pé ti ẹlòmíì ni. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣí sílẹ̀ gbuuru: owó ìtọ́jú akẹ́kọ̀ọ́, owó kọ̀ǹpútà, owó ilé eré ìdárayá, owó bọ́ọ̀sì, owó pé mo jẹ́ àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè, owó ínṣọ́ráǹsì ìlera tó pọ̀ jù gbogbo wọn lọ, ó wá tún kan owó eléré. Owó eléré! Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá yẹn, tí mi ò mọ ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ ọwọ́ ẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, èmi ni mò ń bá wọn dá owó ẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé tí mi ò bá san án títí aago márùn-ún ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á yọ orúkọ mi kúrò nínú gbogbo kọ́ọ̀sì tí mo forúkọ sílẹ̀ fún. Ọjọ́rú la wà.

Ẹni tí ò bá mọ̀ á ní ṣebí kọ́ọ̀sì lásán ni, á tún un forúkọ sílẹ̀. Rárá o. Ilé ìwé tiwa, kírẹ́dítì 9 ni wọ́n fi ń ka èèyàn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tòótọ́ ní PhD. Tí kọ́ọ̀sì bá lọ, kírẹ́dítì lọ nìyẹn, tí kírẹ́dítì bá lọ, wàhálà F-1 dé, ìyẹn físà tí gbogbo wa fi wà níbí, tí F-1 bá sì lọ, iṣẹ́ láàbù tó yẹ kó sanwó fún mi náà lọ. Orí ìdúró ni mo ti ro gbogbo èyí níwájú ẹ̀rọ tó ń ta kóòkì, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́.

Mo lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba owó. Ilé ìwé tó tóbi tó báyìí, ẹ̀rọ lẹ máa tẹ̀ kó fún yín ní nọ́ńbà bíi ní báńkì, ẹ máa jókòó títí wọ́n á fi pè yín. Obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ò hùwà burúkú sí mi, mo fẹ́ sọ ìyẹn. Ó wo kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó ní tuition mi ti kúrò níbẹ̀, kò sí ìṣòro kankan níbẹ̀, èyí tó kù ni tèmi. Mo ní wọ́n sọ fún mi pé fully funded. Ó ní dípátímẹ́ǹtì ló sọ ìyẹn, kì í ṣe àwọn. Ó tún rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ó pe nọ́ńbà tó kàn.

Mo wọ tọ́ọ́lẹ́ẹ̀tì, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún débi pé mo fi ìwé ìnudìí di ẹnu kí wọ́n má gbọ́ mi. Fóònù dún, Màámi ni. Ilẹ̀ ti ṣú gan-an nílé, mo mọ̀ pé wọ́n ń retí ohùn mi kí wọ́n tó sùn. Mo gbé e.

"Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Ṣé wọ́n ti ń fún ẹ lówó yẹn? Àwọn kọ́pọ̀ ti ń béèrè o, àmọ́ má dá wọn lóhùn, fojú sí ìwé ẹ."

Mo ní ó máa tó wọlé, mà. Wọ́n ṣàdúrà fún mi lórí fóònù, gígùn, mo ń ṣe àmín nínú tọ́ọ́lẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Títí di òní, Màámi ò mọ̀. Tí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ mí bá ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn.

Bí mo ṣe yọ nínú ẹ̀ ò gùn. Bọ̀ọ̀dá kan ará Ondó tó wà ní dípátímẹ́ǹtì mìíì ló sọ fún mi pé ilé ìwé ń gbà kéèyàn san án díẹ̀díẹ̀, kéèyàn kọ́kọ́ san ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀, pé wọ́n tún máa ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó pàjáwìrì láìsí èlé fún oṣù díẹ̀. Wọ́n ní, "Àbúrò, kò sẹ́ni tí wọn ò ṣe èyí sí níbí." Mo ṣe é, mo kó lọ sọ́dọ̀ àwọn méjì kan ká lè pín rẹ́ǹtì, owó oṣù wọlé nígbà tó yá, ó parí.

Kò sẹ́ni tí wọn ò ṣe é sí. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Gbogbo ènìyàn mọ̀, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀. Bíi kí wọ́n pè yín síbi ìnáwó ni, kí wọ́n ní oúnjẹ wà yamùrá, kẹ́ ẹ débẹ̀ tán kí wọ́n ní aṣọ ẹbí ni wọ́n fi ń gba oúnjẹ.

Torí náà, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ jù lọ: ẹ béèrè fíìsì. Ẹ béèrè iye tó máa jáde lápò yín ní sèmẹ́sítà àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ tuition tán. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ wọn, ẹ má gba "má ṣèyọnu". Àwọn kan á ní tẹ́ ẹ bá ń béèrè owó jù, wọ́n á gba ádímíṣọ̀n yẹn padà. Irọ́ ni. Tí wọ́n bá ti fún yín ní lẹ́tà, àwọn gan-an ló ń bẹ̀rù pé ẹ máa lọ ibòmíì.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi kíákíá mú yín. Ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ló ti fọwọ́ sí àdéhùn kan tí Council of Graduate Schools, ẹgbẹ́ àwọn ilé ìwé tó ń fúnni ní másítàsì àti PhD, ń bójú tó, pé ẹni tí wọ́n fún lówó ìwé, wọn ò gbọ́dọ̀ fipá mú un kó fèsì ṣáájú 15 April. Ẹ wò ó bóyá orúkọ ilé ìwé yín wà níbẹ̀. Tó bá wà, ẹ rọra kọ̀wé sí wọn pé ẹ ṣì ń ronú. Ká ní mo mọ ìyẹn ní oṣù kejì, màá ti ní àyè béèrè fíìsì.

Ẹ tún béèrè ọjọ́ tí owó oṣù àkọ́kọ́ ń wọlé. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín oṣù kẹjọ lè máà rí kọ́bọ̀ títí dìgbà tí oṣù kẹsàn-án bá parí, pàápàá tí nọ́ńbà Social Security, èyí tí ìjọba fi ń dá òṣìṣẹ́ mọ̀, bá pẹ́. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ló tún jẹ́ pé oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ń sanwó fún, ìgbà ooru, ẹ wá nǹkan ṣe sí i. Owó orí náà wà: Nàìjíríà ò ní àdéhùn owó orí pẹ̀lú Amẹ́ríkà, wọ́n máa gé tiwọn níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti yọ gbogbo ẹ̀, ẹ tún wá yọ fíìsì, ẹ ó rí i pé iye tó wà nínú lẹ́tà yẹn ń tinrín.

Ti Texas yàtọ̀ díẹ̀. Níbẹ̀, tí yunifásítì ìjọba bá fún yín ní sukọ́láṣíìpù ìdíje tó tó 1,000 dọ́là lọ́dún, wọ́n lè jẹ́ kẹ́ ẹ máa san iye tí ọmọ Texas ń san. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lọ ṣe másítàsì, tí wọ́n sọ fún yín pé owó ò sí, ẹ béèrè sukọ́láṣíìpù kékeré yẹn ní pàtó. 1,000 dọ́là lè gé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún kúrò níbẹ̀. Fíìsì ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀ o.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́, ẹ̀yin míì á ní báwo lèèyàn ṣe máa kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí sí ẹni tó ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ PhD ní dípátímẹ́ǹtì yín, ní gẹ̀ẹ́sì tó tutù: ẹ ṣeun fún lẹ́tà yín, kí n tó fèsì, ẹ jọ̀ọ́, èló ni gbogbo fíìsì àti ínṣọ́ráǹsì ní sèmẹ́sítà àkọ́kọ́, ta ló máa san án, ọjọ́ wo ni wọ́n gbọ́dọ̀ san án, ọjọ́ wo ni owó oṣù mi àkọ́kọ́ máa wọlé, ṣé ẹ sì lè fi ìwé owó akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wọlé lọ́dún tó kọjá hàn mí, kẹ́ ẹ yọ orúkọ ẹ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn máa pè yín lórí fóònù, ẹ ní rárá, lórí ímeèlì ni.