Ata gbígbẹ, epo pupa, ọwọ́ Màmá

Ẹ bá mi kí Màmá mi o! Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí wọ́n sè fún wa ní Àkúrẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ yìí ò kúrò lọ́kàn mi.

Ata wẹ́wẹ́ gbígbẹ ni mo rà bọ̀ láti Ọjà Ọba, irú èyí tó jẹ́ pé ẹ kàn tú ọ̀rá rẹ̀ ni, ẹ ó ti máa sín. Màmá ò dà á sómi rárá. Wọ́n gbé epo pupa kaná, wọ́n gún ata náà díẹ̀, wọ́n wá dà á sí i lórí iná jẹ́jẹ́. "Ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọmọ mi. Tíná bá pọ̀, á jó, ọbẹ̀ á sì korò." Èéfín yẹn wọ ọ̀fun gbogbo wa, ikọ́ gba ilé kan. Àmọ́ òórùn yẹn! Ó dùn ju kí n máa sọ ọ́ lọ.

Capsaicin tó ń mú ata ta máa ń yọ́ nínú epo, kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ́ nínú omi. Ìdí nìyẹn tí ata fi kárí ọbẹ̀ Màmá, tí omi tútù ò sì lè pa á lẹ́nu àbúrò mi. Wàrà ni Màmá bù fún un.

Bàbá làágùn títí, síbẹ̀ wọ́n tún bu ọbẹ̀ sórí iyán.

Ẹ̀yin ará Oǹdó, ṣé inú epo lẹ̀yin náà ń dín tiyín sí?