Ẹ má tíì yọ íméèlì iṣẹ́ kúrò lórí fóònù yín o

Tí íméèlì ibi iṣẹ́ bá ti kọ̀ tí ò wọlé mọ́ lórí fóònù, nǹkan tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré ṣe ni kí wọ́n yọ àkáǹtì náà kúrò pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù ná. Ẹ ṣí búráúsà lórí fóònù yẹn gan-an, kẹ́ ẹ wọ íméèlì yín láti ibẹ̀. Tó bá ṣí, a jẹ́ pé àkáǹtì yín ò ní wàhálà kankan, áàpù tàbí fóònù ló ń ṣe wèrè. Tí ò bá ṣí níbẹ̀ náà, ẹ má fìyà jẹ fóònù, àwọn IT lẹ máa pè.

Èyí tó ń pọ̀ jù ni ti páswọ́ọ̀dù. Ẹ ti yí i pa dà lórí kọ̀ǹpútà, fóònù ò gbọ́, ti àtijọ́ ló ṣì ń gbé kiri, á máa fi gbìyànjú ṣáá, ẹ̀yin ti sùn lọ fọnfọn òun ò sùn, títí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú íméèlì yín níbi iṣẹ́, á fi rò pé olè ló ń kanlẹ̀kùn tí á sì ti àkáǹtì pa. IT á ṣí i, kò ní pẹ́ á tún tì pa, ni ẹ ó bá máa bínú síra yín. Ẹ pa sync íméèlì yẹn lórí fóònù, ìyẹn bó ṣe ń lọ mú íméèlì wá fúnra ẹ̀, kí wọ́n tó bá yín ṣí i, lẹ́yìn náà lẹ ó wá tẹ páswọ́ọ̀dù tuntun. Táblẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ti pa tì síbì kan ńkọ́? Ẹ yẹ òun náà wò o, àwọn ló máa ń dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Tó bá dá yín lójú pé páswọ́ọ̀dù tọ̀nà tó ṣì ń kọ̀ ọ́, ẹ wo áàpù yín. Láti October 2022 ni Microsoft ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀nà ìwọlé àtijọ́ pa lórí Exchange Online, ètò íméèlì wọn tí ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ń lò. Ọ̀nà àtijọ́ yẹn ni kí áàpù kàn máa gba orúkọ àti páswọ́ọ̀dù lásán, torí náà áàpù tí kì í gbé ojú ìwé login jáde fún yín, ẹ máa bá a jà títí ni. Ẹ update rẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ lo òmíràn.

Kóòdù authenticator náà wà níbẹ̀, ìyẹn áàpù tó ń fún yín ní nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa tẹ̀ lẹ́yìn páswọ́ọ̀dù. Gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 30 ló ń yí, tí aago fóònù bá sì ti yàtọ̀, kò ní gbà á, ẹ fi aago sí automatic. Ẹni tó ra fóònù tuntun, jọ̀ọ́ má tíì ta ti àtijọ́ tí o ò bá tíì gbé authenticator kúrò níbẹ̀!

Tó bá jẹ́ pé íméèlì ń wọlé àmọ́ tó pẹ́ kó tó dún, battery saver, ìyẹn ètò tó ń ṣọ́ bátìrì lò lórí fóònù, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Tó bá wá di dandan láti yọ ọ́, ẹ yẹ Outbox (èyí tó ń dúró láti lọ) àti Drafts (èyí tẹ́ ẹ ò tíì fi ránṣẹ́) wò ná, torí èyí tí ò tíì dé sáfà máa bá a lọ. Tó bá sì jẹ́ POP lẹ ń lò, ìyẹn ọ̀nà tó máa ń wa íméèlì wá sórí fóònù tó sì lè yọ ọ́ kúrò lórí sáfà, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ orí fóònù yẹn nìkan ni àwọn íméèlì yín wà.